Lẹ́tà kan péré ni Ukraine ń jà fún, Ìjẹ̀bú-Òde ń da tirẹ̀ nù

Bó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, káàdì ìpè àríyá a máa kún ọwọ́ àwọn èèyàn Ìjẹ̀bú-Òde. Ìsìnkú àgbà wà ní Ìta-Alẹ̀, ìgbéyàwó wà ní Òkè-Owá, ìṣílé wà lọ́nà Ìbàdàn. Nísàlẹ̀ káàdì kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ iye tí wọ́n ń ta aṣọ, ọ̀rọ̀ méjì kan kì í wọ́n níbẹ̀: "Aso ebi". Ẹni tó bá kà á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tí kò fi ti ẹnu tirẹ̀ kún un, kò ní ka aṣọ àwọn mọ̀lẹ́bí. Ebi ni yóò kà, ebi tó ń pa èèyàn. Àwọn kan á sì ní bóyá ẹni tó kọ káàdì kò ṣìnà, nítorí pé iye tí wọ́n ń ta aṣọ ẹbí láyé ìsinyìí lè mú kí ebi pa olúwarẹ̀ kí oṣù tó parí. Àwàdà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà rárá.

Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ni wọ́n yọ, ìtumọ̀ ló bá a lọ. Bó ṣe wà lórí káàdì náà ló wà lára pátákó ìtajà, lára ògiri ilé ìwé, àti lára bébà ìkéde òkú tí wọ́n ń lẹ̀ káàkiri ìgboro. "Iya wa lo" ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ẹni tó bá kà á kò sì ní mọ̀ bóyá ìyá náà lọ ni, tàbí nǹkan kan ló lò. Orúkọ ìlú fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé Ajẹ̀bú àti Olóde, àwọn méjì tó bá Olú-Ìwà rìn wá, ni wọ́n fi orúkọ wọn pe ìlú. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn yìí rí, tó bá rí "Ijebu-Ode" lójú títì, ó lè pè é ní òde, ó lè pè é ní ọdẹ, kò sí ohun tó wà lára pátákó náà tí yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Àríyá a máa parí lálẹ́ Sátidé, ṣùgbọ́n orúkọ kì í parí. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àwọn ìdílé tí orúkọ wọn ní Oṣó tàbí Ọ̀ṣín nínú pọ̀ bí eṣú. Bàbá á máa jẹ́ "Shodipo", àbúrò bàbá á máa jẹ́ "Sodipo", ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù á tún mú èyí tó wù ú nínú méjèèjì. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, Ṣódípọ̀ ni. Ọwọ́ ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ló pín ìdílé kan sí méjì. Nígbà tí gbogbo àkọsílẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì, kò fi bẹ́ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀, ẹni tó bá mọ ẹnìkan ní ọ́fíìsì á ṣàlàyé, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín sí i. Ní báyìí tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN gbọ́dọ̀ bá BVN ilé ìfowópamọ́ mu, "h" kan ṣoṣo lè gbé arúgbó tó ń wá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ sí kóòtù, kó lọ búra pé òun ni òun. Lẹ́yìn ìbúra, ó tún lè di dandan kó sanwó ìkéde sínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọmọ bàbá kan náà ni Shodipo àti Sodipo. Ohun tó bá rí ló mọ̀.

"Sh" yìí kì í ṣe ohun tí Ìjẹ̀bú fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1843, ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ló tọ̀, "sh" ló sì lò. Lọ́dún 1848, ìjọ CMS ṣe ìlànà fún àwọn tó ń kọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí, kí ìkọ̀wé wọn lè wà létòlétò. Nígbà tí Crowther fi máa tún ìwé náà tẹ̀ lọ́dún 1852, ẹ, ọ àti ṣ ti dé, olúkúlùkù pẹ̀lú àmì tirẹ̀ lábẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí Yorùbá yóò ṣe máa di kíkọ, Crowther tó ti di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà ló sì ṣe alága. Ọdún 1884 ni odidi Bíbélì jáde. Ó ti lé ní 170 ọdún báyìí tí Yorùbá ti ní lẹ́tà tirẹ̀ fún ohùn ṣ.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí òyìnbó kó wọ ọ́fíìsì ìjọba ni kò ní i. Akọ̀wé tó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí kò ní àmì, kí ni ì bá ṣe? Ohun tó rí lójú ẹ̀rọ ló tẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wá di akọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí bàbá rẹ̀ tẹ̀ lòun náà ń tẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló wà níwájú tirẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn Yorùbá ibẹ̀ ń kọ "sh" títí di òní, ɛ àti ɔ ni wọ́n sì fi ń rọ́pò ẹ àti ọ. Ìlànà tí ìjọba wọn là sílẹ̀ ni, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Kíkọ "sh" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí wọ́n kọ "sh" lónìí, kí wọ́n kọ "s" lọ́la, kí wọ́n sì gbàgbé ṣ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà kò tó ohun tí èèyàn ń bínú sí, kó bojú wo Ukraine. Ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ yìí kò mọ orílẹ̀-èdè náà ju ibi tí ọmọ ti lè kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lówó pọ́ọ́kú lọ, títí di oṣù kejì ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà kó ogun ńlá wọ ibẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Kharkiv, Lviv àti Kyiv ti di orúkọ tí àwọn ìyá ń dá nínú àdúrà. Ní oṣù kẹta ni bàálù tí ìjọba gbà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó ti sá dé Romania, Poland àti Hungary padà sílé. Ìró ìbọn àti bọ́ǹbù ni gbogbo ayé gbọ́. Ìjà mìíràn ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ìjà èdè àti lẹ́tà, díẹ̀ nínú àwọn tó ń gbàdúrà yẹn ló gbọ́ nípa rẹ̀.

Lẹ́tà 33 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Ukraine. Ìdílé kan náà ni òun àti ti Rọ́ṣíà, àjèjì tó bá rí wọn lè rò pé ọ̀kan ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́rin wà nínú ti Ukraine tí Rọ́ṣíà kò ní: і, ї, є àti ґ. Rọ́ṣíà náà ní mẹ́rin tí Ukraine kò lò. Lọ́dún 1876, ọba Rọ́ṣíà, Alexander Kejì, buwọ́ lu àṣẹ kan ní ìlú Ems ní Jámánì, pé kí wọ́n má ṣe tẹ ìwé ní èdè Ukraine mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé láti ìta. Nǹkan bí 30 ọdún ni àṣẹ náà fi wà lórí wọn. Ohun tí àwọn aláṣẹ ń tẹnu mọ́ nígbà náà ni pé kò sí èdè kankan tó ń jẹ́ èdè Ukraine, pé èdè Rọ́ṣíà náà ni, àwọn ará oko ló ń bà á jẹ́ lẹ́nu. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti fi ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí ní Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀yọ́ mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ìtàn ґ ló yani lẹ́nu jù. Ohùn méjì tó súnmọ́ra wà nínú èdè Ukraine. Ọ̀kan dà bí "h" tó ti inú ọ̀fun jáde, г ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ìkejì ni "g" gan-an, ґ ni wọ́n fi ń kọ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ ojú àwọn méjèèjì kò ju ìwo kékeré kan tó yọ sókè lórí ìkejì. Lọ́dún 1933, lábẹ́ ìjọba Stalin, wọ́n yọ ґ kúrò nínú álífábẹ́ẹ̀tì kí ìkọ̀wé Ukraine lè túbọ̀ súnmọ́ ti Rọ́ṣíà. Ọdún yẹn gan-an ni ìyàn ńlá ń pa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ní Ukraine. Àwọn èèyàn ń kú lójú títì, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ráyè jókòó lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà kan tí kò ju ìwo ewúrẹ́ lọ. Wọn kì bá tí ṣe ìyọnu rẹ̀ bó bá jẹ́ pé lẹ́tà kò ní agbára. Ọdún 1990 ni ґ tó padà sí àyè rẹ̀, nígbà tí ó ku ọdún kan kí Ukraine gba òmìnira.

Láti ọdún 2022, ní àwọn ìlú tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà gbà, àwọn kan nínú ará ìlú a máa yọ́ jáde lọ fi ọ̀dà kọ ї sára ògiri. Wọn kì í kọ gbólóhùn kankan tì í. Kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà, nítorí náà ẹni tó bá rí i ti mọ ohun tó ń sọ. Orúkọ olú ìlú wọn náà ńkọ́? "Kiev" ni ayé ń kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí Rọ́ṣíà ṣe ń pè é. Ukraine ní kò rí bẹ́ẹ̀, "Kyiv" ni. Ọdún 2019 ni ilé iṣẹ́ ìròyìn AP àti BBC tó gbà fún wọn.

Bó bá jẹ́ ti pé kí àlejò máa kọ orúkọ ẹni bó ṣe wù ú ni, ta ni ì bá rojọ́ ju Ìjẹ̀bú lọ? Ní nǹkan bí ọdún 1505, ará Potogí kan tó ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tí yàrà gìrìwò yí ká, "Geebuu" ló pè é. Ará Faransé kan kọ "Yébou" ní 1845. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun wá ní 1892, tí wọ́n ṣẹ́gun ní Ìmágbọ̀n, "Jebu" ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn. Àlejò ni gbogbo wọn, etí àlejò ni wọ́n fi gbọ́ ọ, wọ́n sì gbìyànjú. Èyí tó ṣòro láti dárí jì ni "Ijebu" tí ọmọ onílé fúnra rẹ̀ ń kọ láìsí àmì, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ ará Faransé yẹn ni ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ń rìnrìn àjò òwò lórí ọ̀sà lọ́dún 1820 nígbà tí àwọn Ìjọ́ olè orí omi mú un. Wọ́n tà á, wọ́n gbé e kọjá òkun, ó sì di ẹrú ní Brazil. Ní ìgbẹ̀yìn, ó bá ara rẹ̀ ní Paris, ibẹ̀ sì ni Armand d'Avezac, tó ń ṣe ìwádìí nípa ilẹ̀ ayé, ti gbúròó rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1839. D'Avezac pè é jókòó, ó ń bi í léèrè: báwo ni ìlú yín ṣe rí, ta ni ọba yín, kí lẹ ń pe èyí, kí lẹ ń pe tọ̀hún. Èèyàn tó ti lo bí ogún ọdún nílẹ̀ àjèjì, tí wọ́n ti fún ní orúkọ mìíràn, ń rántí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1845 ló di ìwé: ìtàn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àṣà rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti díẹ̀ nínú gírámà rẹ̀. Ìwé náà kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìwé Crowther àkọ́kọ́.

D'Avezac fẹ́ kí ọkùnrin náà padà sí Áfíríkà. Òun ní tirẹ̀ yàn láti padà sí Brazil, nítorí pé ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí àwọn òpìtàn ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ lónìí ni "Osifekunde". "Ochi" ni ará Faransé náà fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé "ch" ni Faransé ń lò fún ohùn ṣ. Ìwé kan kò sì fi àmì ohùn sí i. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú dé inú ìwé ló wà nílẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é nílé.

Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú bá ti Ọ̀yọ́ jáde lásìkò kan náà nìyẹn. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi di èdè ìwé, tí èkejì fi jókòó sílé? Ọmọ Òṣogùn ni Crowther, ẹ̀yà Ọ̀yọ́ ló ń sọ. Abẹ́òkúta ni àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn ti jáde ní 1859. Ìjẹ̀bú ní tiwọn ti ilẹ̀kùn mọ́ míṣọ́nnárì, wọn kò fẹ́ kí òyìnbó gba ojú ọ̀nà òwò lọ́wọ́ wọn, ìlẹ̀kùn náà kò sì ṣí títí ogun 1892 fi fọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ń jókòó ìpàdé ìkọ̀wé ní Èkó ní 1875, Ìjẹ̀bú ṣì ń ṣọ́ bodè rẹ̀. Wọn kò ṣe àìtọ́ láti dáàbò bo ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran, egungun ni wọ́n ń fi pa mọ́ dè é.

Nígbà tí ilẹ̀kùn wá ṣí tán, kò sí ẹni tó sáré dìrọ̀ mọ́ ìwé tó Ìjẹ̀bú. Ní 1913 ni Ijebu-Ode Grammar School bẹ̀rẹ̀. Ní 1937, M. B. Okubote gbé ìwé ìtàn Ìjẹ̀bú jáde ní èdè Yorùbá. Nígbà tí ìkọ̀wé Yorùbá sì tún dàrú ní àwọn ọdún lẹ́yìn òmìnira, tí olúkúlùkù ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú, ọmọ Odòpótù nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ayọ̀ Bámgbóṣé, ló kọ ìwé lórí ìkọ̀wé Yorùbá ní 1965. Ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí ìlànà tuntun ní 1974. Ìlànà yẹn ni gbogbo ilé ìwé ń lò títí di bí a ṣe ń wí yìí. Ilẹ̀ tó bí ẹni tó tún ọ̀nà ṣe ni kò gba ọ̀nà náà kọjá mọ́.

Àwọn kan á ní kí ni ti ẹ̀ka èdè, pé Yorùbá kan tó gbogbo wa, bí Ìjẹ̀bú bá ń kọ tirẹ̀, tí Oǹdó ń kọ tirẹ̀, Bábẹ́lì ló kù. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n máa fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú kọ́ ìṣirò. Ukraine náà ní èdè ìwé kan ṣoṣo, ìpèdè agbègbè Kyiv àti Poltava ló jẹ́ òpómúléró rẹ̀, àwọn ará òkè ìwọ̀ oòrùn tí wọ́n ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn sì ń kọ́ ọ ní ilé ìwé. Èyí kò dí àwọn onímọ̀ wọn lọ́wọ́ láti ṣe ìwé atúmọ̀ fún ìpèdè àwọn ará òkè yẹn. Èdè ìwé wà fún gbogbo ìlú, àkọsílẹ̀ sì wà fún ohun tí ìyá àgbà ń sọ ní ìdí àdògán, èyí kò pa ìyẹn lára.

Ó yẹ kí wọ́n sì yára. Àwọn onímọ̀ èdè ka Ìjẹ̀bú mọ́ ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú Oǹdó, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Ọ̀wọ̀. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ti rí àwọn ohùn àtijọ́ tí Yorùbá Ọ̀yọ́ ti sọ nù. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń kọ ní "gh", ohùn "g" tí ọ̀fun kò pa dé tán. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò ní lẹ́tà fún un, àwọn tó ń kọ ọ́ kàn ń fi méjì so pọ̀ ni. Ẹni tó bá rántí г àti ґ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà síra. Ukraine ní lẹ́tà méjì fún ohùn méjì, wọ́n sì jìyà nítorí ọ̀kan. Níbí, ohùn náà wà lẹ́nu àwọn àgbà, kò rí lẹ́tà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá àgbà á sọ ti Ìjẹ̀bú, ìyá ọmọ á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ìwé, ọmọ á sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. Bí ìyá àgbà bá kú, ó ku méjì. Bó bá tún yá, ó ku ọ̀kan.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fi pa mọ́. Ọba aláṣẹ kan ló fi òfin de èdè Ukraine. Ìjẹ̀bú kò rí ọba Rọ́ṣíà kankan bá jà. Òyìnbó tó ṣẹ́gun wọn ní 1892 kò sọ pé kí wọ́n má kọ Yorùbá, kódà àwọn míṣọ́nnárì ló fi ń wàásù. Àwọn òbí ló ń sọ pé Yorùbá ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Àwọn ilé ìwé aládàáni kan ló ń ná ọmọ tó bá sọ ọ́ ní kíláàsì. Ìjọba náà kò wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò tíì dé ọ̀pọ̀ kíláàsì tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, fi kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Ọdún mẹ́ta péré. Ukraine ṣe òfin èdè tirẹ̀ ní 2019, ogun sì bá a níbẹ̀, wọn kò fagi lé e.

Àwáwí tó wọ́pọ̀ jù ni pé àmì kò sí lórí fóònù. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn fóònù tó wà lọ́jà ní bọ́tìnnì Yorùbá nínú, ẹni tó bá wá a yóò rí i. Òótọ́ ni pé ó ṣì ní wàhálà tirẹ̀, nítorí pé lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní àmì lórí, bíi ẹ́ àti ọ̀, kọ̀ǹpútà kò ní in ní odindi, ṣe ni wọ́n ń to ọ̀kan lé èkejì, àmì náà a sì máa yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn oníwèé ìròyìn náà kò lè jókòó dá ẹjọ́ yìí fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ló ń jáde láìní àmì ohùn, wọ́n ní ònkàwé mọ ohun tí àwọn ń sọ. Ònkàwé tó ti gbọ́ Yorùbá láti kékeré lè mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń kọ́ ọ láti inú ìwé kò lè mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ náà kò tó ohun tí apá kò ká. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde lè pàṣẹ pé pátákó orúkọ àdúgbò tí wọ́n bá fi owó ìlú ṣe gbọ́dọ̀ ní àmì lórí, kí Pórógun jẹ́ Pórógun, kí Òkè-Owá jẹ́ Òkè-Owá. Yunifásitì Tai Ṣólàárín tó wà ní Ìjagun láti 2005, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ olùkọ́, lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ jókòó ti àwọn àgbà ní Ìta-Alẹ̀, ní Odòpótù àti ní ẹ̀bá odò, kí wọ́n ṣe ohun tí d'Avezac ṣe ní Paris, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú. Owó ńkọ́? Ìjẹ̀bú kì í sọ pé kò sí owó. Awùjalẹ̀ Sìkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, ní àga ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ lórí ètò ìṣèjọba ní Yunifásitì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Èyí tí wọn yóò fi ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Ìjẹ̀bú kò lè tó owó yẹn.

Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ náà sì wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà tí Awùjalẹ̀ yẹn sọ di ọ̀tun, tí wọ́n ń jó wọ Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Lọ́dún 2024, àwòrán wọn gba gbogbo ayé kan, láti Amẹ́ríkà dé Ọsirélíà ni èèyàn ti ń bèèrè ibi tí wọ́n ti rán aṣọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ná owó sórí aṣọ, sórí fìlà, sórí ẹṣin àti ìlù, wọn kì í fi ọ̀kan ṣe àìní. Orúkọ wọn á wà lórí bánà gàgàrà níwájú: "Gbobaniyi", "Bobagunwa", "Bobakeye". Orúkọ tó gbé ọba níyì, tó bá ọba gúnwà, tó bá ọba kẹ́yẹ, ọba náà kò sí nínú rẹ̀ mọ́ nígbà tí àmì abẹ́ rẹ̀ ti lọ. "Gbóba" ni àlejò ń pè é lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí ẹni tó lè bínú sí i, ohun tó wà lórí bánà ló kà.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya bánà náà ní àmì wọ̀nyí nínú, iye kan náà sì ni bánà, àmì ì báà wà lórí rẹ̀, kó má sì sí. Ẹni tó ń sanwó ni ayàwòrán ń dúró dè, kó sọ pé òun fẹ́ ẹ.